Àfọ́kù bíríkì àti táìlì nínú kọnkéré: Kí ló ṣeé fi wọ́n ṣe, kí ni kò ṣeé fi wọ́n ṣe?

Bí ilé kan bá wó, tàbí tí ẹ̀rọ katapílà bá wó o lulẹ̀, ì báà jẹ́ ní Abuja, ní Kano tàbí ní Accra, òkìtì kan náà ló máa ń ṣẹ́kù: búlọ́ọ̀kù tó ti rún, àfọ́kù bíríkì, táìlì tó ti sán, àwo ìfọwọ́ tó ti là sí méjì. Àwọn kan á kó o dà sínú gọ́tà, àwọn mìíràn á fi dí kòtò ojú títì. Bákan náà ló rí ní Ajaokuta, ìpínlẹ̀ Kogi, níbi tí ilé-iṣẹ́ táìlì wà, àti ní ìpínlẹ̀ Benue, níbi tí wọ́n ti ń fi bíríkì amọ̀ sísun kọ́lé látọjọ́ pípẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sun amọ̀ tí àfọ́kù kì í ti í sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yìí kan náà ni ẹni tó fẹ́ kọ́lé dúró sí, tó ń ṣírò iye àpò sìmẹ́ǹtì tí owó rẹ̀ ká. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, owó sìmẹ́ǹtì lọ sókè débi pé ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sí ìpàdé, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kí àpò kan padà sí àárín ₦7,000 sí ₦8,000.

Ìbéèrè tó jẹyọ nìyí: ṣé a kò lè rún àfọ́kù wọ̀nyí, kí a fi wọ́n dín òkúta tàbí sìmẹ́ǹtì kù? Ìdáhùn ni pé ó ṣeé ṣe. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe é. Àmọ́ ó ní ààlà. Ẹni tó bá mọ ààlà náà yóò jèrè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè máa kọ́ ilé tí yóò wó lé e lórí.

Iṣẹ́ méjì ni àfọ́kù lè ṣe

Ohun mẹ́rin ló ń di kọnkéré: sìmẹ́ǹtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi. Iyanrìn àti òkúta ló pọ̀ jù, àwọn ni ara kọnkéré. Sìmẹ́ǹtì àti omi ló ń di gọ́ọ̀mù tó so wọ́n pọ̀.

Ipò méjì ni àfọ́kù bíríkì tàbí táìlì lè bọ́ sí. Bí a bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó lè gba ipò díẹ̀ nínú òkúta tàbí iyanrìn. Bí a bá lọ̀ ọ́ títí tó fi kúnná bíi sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, ó lè gba ipò díẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì. Iṣẹ́ méjèèjì kò jọra rárá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn gbọ́ pé ọ̀kan ṣeé ṣe, kó wá rò pé èkejì náà ti ṣeé ṣe nìyẹn.

Bí ìyẹ̀fun amọ̀ sísun ṣe ń ran sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́

Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń sun pọ̀ nínú iná tó gbóná tó 1,450 dígírì Celsius kí sìmẹ́ǹtì tó jáde. Bí òkúta ẹfun bá ṣe ń jó, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó wà nínú rẹ̀ á tú jáde. Gáàsì tàbí èédú tí wọ́n fi dáná náà á tún tú tirẹ̀. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide tí ọmọ ènìyàn ń tú sójú sánmà fi ń wá láti ìdí sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, sìmẹ́ǹtì tí a bá dín kù láìba iṣẹ́ jẹ́ yóò ṣe àpò ẹni láǹfààní, yóò sì dín ohun tó ń fa àyípadà ojú ọjọ́ kù.

Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, ohun pàtàkì méjì ló ń jáde. Èkíní ni gọ́ọ̀mù líle tó ń so òkúta mọ́ òkúta. Èkejì ni irú ẹfun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní calcium hydroxide, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún agbára kọnkéré. Amọ̀ tí a ti sun ní èròjà silica àti alumina nínú, iná sì ti tú wọn sílẹ̀ lọ́nà tí wọ́n fi ṣetán láti dara pọ̀ mọ́ ohun mìíràn. Bí ó bá kúnná dáadáa, tí omi sì wà níbẹ̀, wọn á bá ẹfun yẹn pọ̀, wọn á sì sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù líle mìíràn. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń pè ní pozzolana. Orúkọ náà wá láti Pozzuoli, ìlú kan lẹ́bàá Naples ní Ítálì, níbi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń wa eérú òkè oníná fún iṣẹ́ ìkọ́lé.

Àwọn ará Róòmù kò dúró lórí eérú yìí nìkan. Vitruvius, ayàwòrán ilé tó kọ ìwé rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní ṣáájú ìbí Kristi, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bí ó bá jẹ́ iyanrìn odò tàbí ti òkun ni wọ́n ní, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta amọ̀ sísun tí a gún, tí a sì sẹ́, kún un. Irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi rẹ́ inú àgbá omi àti ilé ìwẹ̀ wọn. Ní Íńdíà, bíríkì gígún tí wọ́n ń pè ní surkhi ni wọ́n ń pò mọ́ ẹfun fún iṣẹ́ kan náà kí sìmẹ́ǹtì ìgbàlódé tó dé.

Ní ìhà tiwa náà, ọjọ́ ti pẹ́ tí àpáàdì ti kúrò ní ìdọ̀tí lásán. Ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò ní ìdúró, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, ṣì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn sì rí irú rẹ̀ ní Daima, nítòsí adágún Chad ní Borno. Kì í ṣe kọnkéré, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni: ohun tí iná ti sun kì í tètè jẹrà.

Ìyẹ̀fun kì í yára ṣiṣẹ́

Bí ìyẹ̀fun bíríkì bá gba ipò ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ǹtì, kọnkéré náà sábà máa ń rẹ̀yìn díẹ̀ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Bí wọ́n bá ń bu omi sí i bó ṣe yẹ, ó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 90. Ẹni tó bá tú pákó kúrò lábẹ́ dẹ́kìn ní kíákíá nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń ṣe é ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Ìwọ̀n iná náà tún ṣe pàtàkì. Amọ̀ tí wọ́n sun láàárín 600 sí 850 dígírì ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ jù. Bí iná bá kọjá bẹ́ẹ̀ jìnnà, bíi ti táìlì tí wọ́n ń sun kọjá 1,100 dígírì, púpọ̀ nínú èròjà rẹ̀ á ti dì gbagidi, kò sì ní fẹ́ bá ẹfun pọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bíríkì tí iná jó jù àti èyí tí kò jiná lè wà nínú òkìtì kan náà. Ojú lásán kò lè sọ bí ìyẹ̀fun wọn yóò ṣe ṣiṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn bíríkìlà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ sìmẹ́ǹtì tó wà lọ́jà ni ilé-iṣẹ́ ti lọ òkúta ẹfun mọ́ kó tó wọ inú àpò. Ẹni tó bá tún bu ìyẹ̀fun bíríkì rọ́pò díẹ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe àdàlù lórí àdàlù ni. Ìlànà tí àjọ SON gbé kalẹ̀ ní 2014 ya sìmẹ́ǹtì 32.5 sọ́tọ̀ fún rírẹ́ ògiri, ó sì ní kí wọ́n lo 42.5 fún òpó, bíìmù àti dẹ́kìn. Bí a bá wá bu ìyẹ̀fun mọ́ 42.5 láìṣe àyẹ̀wò, kò sí ẹni tó lè sọ irú agbára tó kù nínú àpò náà.

Àfọ́kù ní ipò òkúta: Ẹ̀kọ́ láti Jámánì àti Bangladesh

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, ìlú bíi Berlin, Hamburg àti Dresden ti di òkìtì bíríkì. Kò sí owó, kò sí ọkọ̀ tí yóò kó òkúta tuntun wá, ilé sì wọ́n bí ojú. Bíríkì tó bá ṣì pé, wọ́n á ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, wọ́n á tún fi mọlé. Obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn yìí ní Berlin. Èyí tó bá ti fọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ rún un wẹ́wẹ́ fún kọnkéré. Ní 1951, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní DIN 4163, èyí tó sọ bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe kọnkéré aláfọ́kù bíríkì. Àìní ló mú wọn bẹ̀rẹ̀, ìlànà ni wọ́n fi dáàbò bo àwọn tí yóò gbé inú ilé náà.

Ọ̀rọ̀ Bangladesh yàtọ̀. Ẹrẹ̀ tí odò ńlá gbé wá ló bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn, òkúta kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á sun bíríkì, wọ́n á tún fọ́ ọ wẹ́wẹ́ láti fi ṣe kọnkéré. Èyí fi hàn pé kọnkéré bíríkì lè gbé ilé dúró bí àwọn tó ń ṣe é bá mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ bíríkì tuntun ni wọ́n sábà máa ń fọ́, èéfín ilé ìsun wọn sì jẹ́ ìṣòro ńlá fún wọn. Ẹni tó bá ní àfọ́kù nílẹ̀, tí kò nílò láti dáná tuntun, ló jèrè jù.

Omi ló ń pinnu

Gbogbo ẹni tó bá ti lo àmù rí mọ̀ pé omi máa ń là á ní ara, òun ló sì ń jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tutù. Amọ̀ sísun ní ihò wínníwínní tí ń fa omi. Òkúta gránáìtì kò rí bẹ́ẹ̀: omi tó ń mu sábà máa ń kéré sí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Àfọ́kù bíríkì lè mu ìdá 10 sí 20.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kílógíráàmù. Bí a bá fẹ́ kí omi jẹ́ ìdajì ìwúwo sìmẹ́ǹtì, lítà 25 ni a óò lò. Bí a bá fi ìwúwo wọn àpòpọ̀ ọ̀kan sí méjì sí mẹ́rin, iyanrìn yóò jẹ́ 100 kílógíráàmù, òkúta yóò jẹ́ 200. Wàyí o, ká ní a fi àfọ́kù bíríkì gbígbẹ rọ́pò ìdajì òkúta, ìyẹn 100 kílógíráàmù. Bíríkì tó ń mu ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lè fa lítà 15 mọ́ra. Nínú lítà 25, lítà 10 péré ló lè kù fún sìmẹ́ǹtì.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Àpòpọ̀ á le, kò ní ṣeé dà. Bíríkìlà á bu omi kún un, á tún bu díẹ̀ sí i, ojú ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Bí omi bá kéré jù, ihò á ṣẹ́ kù nínú kọnkéré, irin inú rẹ̀ á dípẹtà. Bí omi bá pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù sìmẹ́ǹtì á ṣàn, agbára á sì lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí wọ́n rẹ àfọ́kù náà sínú omi di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó pò ó. Bíríkì tó ti yó kò ní jí omi sìmẹ́ǹtì gbé mọ́. Kódà, omi tó wà nínú rẹ̀ á máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, á máa fún sìmẹ́ǹtì lómi láti inú. Èyí wúlò púpọ̀ lásìkò ọyẹ́ ní Kano tàbí Maiduguri, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lójú kọnkéré kó tó le.

Síbẹ̀, kọnkéré bíríkì kì í sábà lágbára bíi ti gránáìtì. Ó fúyẹ́ jù, ó sì máa ń tẹ̀ jù lábẹ́ ẹrù. Bí wọ́n bá fi bíríkì rọ́pò gbogbo òkúta, agbára rẹ̀ lè dín ní ìdá 10 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sinmi lórí bí bíríkì náà ṣe le tó. Ohun tó fi borí ni iná: kọnkéré tí bíríkì wà nínú rẹ̀ sábà máa ń fara da iná ju ti ọ̀pọ̀ òkúta lọ, torí iná kì í ṣe àjèjì sí bíríkì. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú.

Táìlì kò jọ táìlì

Táìlì pósílénì ti ilẹ̀ le gan-an, omi tó ń mu kì í ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ táìlì ara ògiri ń mu ju ìdá 10 lọ. Bí a bá kó méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, a kò ní mọ iye omi tó yẹ ká lò. Ojú táìlì tó ń dán tún jẹ́ ìṣòro mìíràn, torí sìmẹ́ǹtì kì í dì mọ́ ohun tó bá ń yọ̀. Àfọ́kù táìlì sì máa ń pẹlẹbẹ, ó máa ń mú bí ọ̀bẹ. Bó bá pọ̀ jù, kọnkéré kò ní í ṣàn dáadáa láàárín irin. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fọ́ ọ kéré, kí wọ́n sì fi asẹ́ yà á.

Àfọ́kù tó dára jù ni èyí tó ti ilé-iṣẹ́ táìlì tàbí ilé ìsun bíríkì wá, torí irú kan náà ni, kò sì tíì bá ohun mìíràn pọ̀. Èyí tó ti ara ilé wíwó wá ló gba ìṣọ́ra jù.

Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ bá a wọ inú kọnkéré

Nínú òkìtì ilé wíwó ní ìlú wa lónìí, ohun tó yẹ ká bẹ̀rù jù ni POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà. Èròjà sulfate wà nínú rẹ̀. Bó bá wọ inú kọnkéré, ó lè bá sìmẹ́ǹtì jà fún oṣù tàbí ọdún, á máa wú láti inú, títí kọnkéré á fi sán. Igi, ike, ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Ilé àtijọ́ tún lè ní páànù asbestos. A kì í rún un rárá, torí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Eruku bíríkì àti táìlì náà ní silica, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ fún ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́. Kí wọ́n wọ́n omi sí i bí wọ́n bá ń fọ́ ọ, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ìbòmú tó péye bo imú. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó.

Níbo ló yẹ, níbo ni kò yẹ?

Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà méjì kan wó ní Busa Buji, ìlú Jos, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ó kéré tán, ènìyàn 22 ló kú. Àfọ́kù bíríkì kọ́ ló wó ilé yẹn, àmọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yí ohun tó wà nínú kọnkéré padà. Ní orílẹ̀-èdè tí ilé ti ń wó pẹ̀lú òkúta gidi, a kò gbọ́dọ̀ fi òpó ilé dán nǹkan wò.

Àwọn ibi tí àfọ́kù ti lè ṣiṣẹ́ láìfi ẹ̀mí wéwu pọ̀: kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dà sílẹ̀ kí ìpìlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, ilẹ̀ àgbàlá, etí gọ́tà, búlọ́ọ̀kù ògiri tí kò gbé ẹrù, àti òkúta ìtẹ́lẹ̀ abẹ́ títì. Òpó, bíìmù, dẹ́kìn, àtẹ̀gùn àti ilé omi orí òpó kò sí lára wọn, àyàfi bí ẹnjiníà bá ti ṣètò àpòpọ̀ náà, tí àyẹ̀wò sì ti jẹ́rìí sí i.

Àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe awo. Wọ́n á da kọnkéré sínú àpótí irin tí gbogbo ìhà rẹ̀ jẹ́ 150 mìlímítà, wọ́n á fi sínú omi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ àwọn kan fọ́ ní ọjọ́ 7, àwọn yòókù ní ọjọ́ 28. Fún àpòpọ̀ tó ní ìyẹ̀fun, ó yẹ kí wọ́n fi àwọn kan pamọ́ di ọjọ́ 90. Kí wọ́n ṣe ti kọnkéré lásán àti ti aláfọ́kù pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Ní Ghana, ilé ìwádìí BRRI tó wà ní Kumasi ti ń ṣiṣẹ́ lórí amọ̀ sísun gẹ́gẹ́ bí àfikún sìmẹ́ǹtì láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ní Tema, ilé-iṣẹ́ CBI Ghana ti kọ́ ilé ìsun amọ̀ ńlá fún iṣẹ́ yìí. Ìmọ̀ tí wọ́n gbé e kà ni LC3, irú sìmẹ́ǹtì tí àwọn onímọ̀ ní Switzerland, Kúbà àti Íńdíà jọ ṣe: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì gidi, ìyókù jẹ́ amọ̀ sísun, òkúta ẹfun àti gypsum díẹ̀. Ó lè dín carbon dioxide kù tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí ìjọba, NBRRI, náà ti ṣiṣẹ́ lórí pozzolana.

Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká rántí. Amọ̀ tí wọ́n ń lò ní Tema, wọ́n yàn án, wọ́n sì sun ún fún sìmẹ́ǹtì. Àfọ́kù bíríkì, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ sun ún. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó máa lọ̀ ọ́, kó wọ̀n ọ́n, kó sì ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ bíríkìlà. Fífọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún ilẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù ni iṣẹ́ tí ìlú kékeré lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Èrè rẹ̀ sì sinmi lórí ibi tí òkìtì wà: bí owó ọkọ̀ bá ju owó òkúta lọ, kò sí ohun tí a jèrè.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ṣe kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n ya ibi kan sọ́tọ̀ fún pàǹtírí ilé wíwó, kí wọ́n sọ ọ́ di dandan kí wọ́n ṣa POP àti asbestos kúrò kí wọ́n tó kó o débẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìlànà tó sọ ibi tí àfọ́kù lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Jámánì ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ láàárín ahoro. Ní tiwa, òkìtì ti wà nílẹ̀, owó sìmẹ́ǹtì kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá kọ ìlànà náà, àwọn tí owó ń pọ́n lójú yóò máa bu àfọ́kù sínú kọnkéré bó ṣe wù wọ́n, a kò sì ní mọ òpó tó wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ilé bá wó.